Ohùn Tí Ọgbà Ewé Gbé Mì

Ní ọdún tí ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn akọrin ń sán lójú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ewé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà lẹ́yìn ìlú Ìkìrun ló rọ, àfi rinrin kan. Rinrin kì í sì í ṣe ewé tí ń bá ọyẹ́ jà. Omi ló kún ara rẹ̀. Bí oòrùn bá tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, á dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nídìí ògiri sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́, èyí tí wọ́n ti sọ di kíláàsì, dúró gbọnyin, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa lára.

Àràárọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bomi rin ín. Wọ́n ń yìn ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé bí òun bá dúró tì í, ṣe ló ń ṣe òun bí ẹni pé ewé náà ń fetí sílẹ̀.

Oyèwálé nìkan ni kì í wò ó. Òun ló mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

* * *

Ọmọ Òkukù ni Oyèwálé. Ewé ni baba rẹ̀ mọ̀, ewé ni baba tó bí baba rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Jọláyẹmí jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà nígbà èwe wọn. Wọ́n jọ há Sáàmù sórí, wọ́n jọ pín ẹ̀pà jẹ lábẹ́ tábìlì. Jọláyẹmí di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fẹ̀yìn tì. Ìfẹ̀yìntì náà kò jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ní ohun tí ń pa aláìsàn lágbègbè yìí ni pé àwọn tí ń wò wọ́n kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Eléwé ń fojú di nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń fi eléwé ṣe yẹ̀yẹ́, aládùúrà sì ní ẹ̀mí òkùnkùn wà lára àwọn méjèèjì.

Ló bá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Wọn yóò kọ́ ewé àti egbò ní Òkukù lọ́dọ̀ Oyèwálé. Wọn yóò kọ́ ìwòsàn omi, ààwẹ̀ àti àdúrà ní Inísà lọ́dọ̀ Alàgbà Morákinyọ̀. Wọn yóò sì kọ́ bí ara ṣe rí àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn ní Ìkìrun lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Adéìfẹ́, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kò sí olùkọ́ tí yóò fi nǹkan kan pamọ́. "Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí," ni Jọláyẹmí máa ń wí, á sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ lóòótọ́.

Oyèwálé bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ Alàgbà ló pa á lẹ́rìn-ín jù. Alàgbà a máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sódò ní ìdájí kí wọ́n lọ pọnmi. Láti ìgbà tí wọ́n bá gbé korobá títí tí wọn yóò fi sọ̀ ọ́, wọn kò gbọdọ̀ fọhùn, ẹni yòówù kó kí wọn. Oyèwálé bi Alàgbà léèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá oníṣègùn ló ń kọ́ ni àbí odi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alàgbà náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Oyèwálé kò kọjá eyín. Jọláyẹmí yìí kan náà ló fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Olúwanífẹ́mi lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Oyèwálé bí ni Olúwanífẹ́mi. Ibà ló dá a wó. Baba rẹ̀ ti ń fún un ní àgbo, àgbo alágbára tí kò fún ẹlòmíràn rí, nígbà tí Jọláyẹmí yà wá kí wọn, tó sì ní ilé ìwòsàn ló yá. Ọmọbìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ mọ́tò. Ó gbórí lé èjìká baba rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní, "Bàbá elégbògi mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ o." Òun nìkan láyé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fi orúkọ náà bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Aṣọ ni wọ́n fi dì í padà wálé.

* * *

Ọjọ́ tí Jọláyẹmí wá bẹ Oyèwálé ní Òkukù kó wá bá òun kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orín ata wà lẹ́nu Jọláyẹmí. Ó gbé e sórí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè mu omi. Ọ̀rọ̀ gbà á lọ, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àgbà tó mọṣẹ́ kì í fi orín sílẹ̀ lóde onílé láìṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n inú Tíṣà dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà.

Oyèwálé kò sọ orín náà nù. Ohun tó ti ń gbé inú ẹnu ènìyàn láti òwúrọ̀ ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹnu náà sọ. Ó mú un wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Ohun tó ṣe sí i kò ṣeé bi í, kò sì ṣeé sọ fún ọmọ ẹni. Nígbà tó jáde, òkété kan ń wò ó láti ìdí ògiri lọ́sàn-án gangan, kò sì sá.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbin ewé kan lójú gbogbo ènìyàn. Alàgbà Morákinyọ̀ gbàdúrà sí ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì Adéìfẹ́ gbin efinrin. Oyèwálé kúnlẹ̀ nídìí ògiri, ó fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀, ó ti ohun kan sínú ihò láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì gbin rinrin lé e lórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Jọláyẹmí ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀, Mofolúwakẹ́, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló kọ́kọ́ bomi rin ín.

* * *

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Jọláyẹmí ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ohùn rẹ̀ ṣe tán lójijì nìyẹn, bí omi tí ń tán nínú ìkòkò. Ó wúkọ́, ó tún gbìyànjú, ẹnu ń mì ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ó mu oyin, ó mu omi gbígbóná. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà kò tún jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ kọ̀ láti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Àwọn dókítà ní Òṣogbo wo inú ọ̀fun náà, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà bu ẹ̀kọ mímu fún un. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ná.

Oyèwálé lọ kí i. Kò sí ọ̀rẹ́ tí kì í lọ.

Egungun àyà Jọláyẹmí ni ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú rẹ̀, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mofolúwakẹ́ jókòó tì í, ó ń fi òrí pa á lẹ́yìn, ìka rẹ̀ ń tọ egungun ẹ̀yìn lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe rí Oyèwálé, ó sáré nu ọwọ́, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó bá rí àgbà lókèèrè, orúnkún rẹ̀ á ti máa tẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí.

"Tíṣà," ni Oyèwálé wí, "ìwọ tí o máa ń pariwo mọ́ wa, o wá fi wá sílẹ̀ nínú ìdákẹ́rọ́rọ́."

Jọláyẹmí mi orí. Ètè rẹ̀ ń lọ, Mofolúwakẹ́ sì tẹ̀ sí i, ó ń ka ọ̀rọ̀ lára ètè náà. Ó ní bàbá òun ń sọ pé bí òun bá kú, kí Bàbá Òkukù má jẹ́ kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ó ní Bàbá Òkukù nìkan ni òun fọkàn tán.

Oyèwálé ní kò ní kú.

Nínú bọ́ọ̀sì tí ń gbé e padà sí Òkukù, bí wọ́n ṣe dúró ní Inísà kí èrò sọ̀kalẹ̀, ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́, ní tòsí etí rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá elégbògi mi."

Ó yíjú padà. Àpò gààrí kan ló wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, àti ìyá arúgbó kan tó ti sùn lọ. Ó bi awakọ̀ bóyá ó gbọ́ nǹkan. Awakọ̀ ní ẹ́ńjìnnì ni, Bàbá, ó ti ń ké láti àná.

* * *

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tètè dé Ìkìrun, ó sì jókòó lábẹ́ fèrèsé kíláàsì kí Nọ́ọ̀sì Adéìfẹ́ tó parí. Ohùn ìyá náà ń jáde sí i.

"Kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá, ẹ bi í pé kí ni ó ti mu kó tó wá. Ẹ bi í jẹ́jẹ́, kí ojú má tì í. Ewé dára. Egbòogi òyìnbó dára. Ṣùgbọ́n bí èkíní kò bá mọ̀ pé èkejì ti wà nínú ilé, wọ́n á bá ara wọn jà, ara aláìsàn ni wọn yóò sì fi ṣe pápá ìjà. Mo ti rí i. Ìbéèrè kan péré ni ìbá gba ẹlòmíràn là."

Oyèwálé tún rí dókítà kékeré tó dúró níwájú òun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Olúwanífẹ́mi dé ilé ìwòsàn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà náà bi í pé, "Bàbá, kí ni ó ti mu kí ẹ tó gbé e wá?" Ó rí ògiri funfun tí òun tẹjú mọ́. Kì í ṣe fún ọmọ kékeré aláṣọ funfun ni òun yóò ti máa tú àṣírí ilé baba òun. Ó ní, "Omi lásán ni."

Ó dìde lábẹ́ fèrèsé náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Jọláyẹmí ló pa ọmọ òun. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn ògiri, rinrin náà ń dán.

* * *

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mofolúwakẹ́ nìkan wá sí Òkukù. Erùpẹ̀ ọyẹ́ ti sọ irun rẹ̀ di ti arúgbó. Ó kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì dìde nígbà tí Oyèwálé ní kó dìde.

Ó ròyìn pé Nọ́ọ̀sì ti wo gbogbo ohun tí ojú lè rí, kò sì rí nǹkan kan. Ó ní òun àti Alàgbà jọ gbààwẹ̀, Alàgbà sì rí ewé kan lójú ìran tí ń mu ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú. Alàgbà ní apá ibi tí òun lè dé kò ju ibẹ̀ lọ, pé ti ewé, kó lọ bá eléwé.

"Bàbá," ló wí, "kì í ṣe bí ọmọ aláìsàn ni mo ṣe wá. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ ni mo bá wá. Bí ewé bá ń mu ohùn ènìyàn, kí ni a ń ṣe sí i?"

Ọ̀rọ̀ tí baba Oyèwálé fi sílẹ̀ fún un kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò ní ẹnu ọ̀nà: ẹni tó bá purọ́ ewé fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ewé kan kò ní jẹ́ fún un mọ́ láéláé. Bí ọmọ yìí bá ti bẹ̀bẹ̀ ni, òun ìbá ti fi omi ojú àti àdúrà dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè iṣẹ́ ló bi òun.

"Ewé yẹn kan náà," ló wí níkẹyìn. "Ọmọ bíbí inú ẹni náà ni yóò já a ní ìdájí, yóò sì fi í sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti orí ẹní rẹ̀ títí tí ewé yóò fi kan ahọ́n aláìsàn, ohùn kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ náà. Bó bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ewé náà á di koríko. A kì í sì í já a lẹ́ẹ̀mejì."

"Bí ẹnìkan bá kí i ńkọ́, Bàbá?"

"Kó má dáhùn."

"Bó bá jẹ́ àgbà?"

Oyèwálé wo iná ààrò. "Kó má dáhùn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó jọ ti baba rẹ̀. Ó ní bí bàbá òun bá gbọ́ pé òun rí àgbà láàárọ̀ tí òun kò kí i, wọn yóò dìde lórí àìsàn wá na òun. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń bomi rin ọgbà láràárọ̀. Oyèwálé rí i pé ó ti mọ ewé náà. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

* * *

Kò sí ìjà tó rọrùn tó báyìí. Oyèwálé kò ní gbé ọ̀pá, kò ní ju òkò. Yóò kàn kí ọmọdé láàárọ̀ ni.

Ta ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tí àgbà yóò kí tí kò ní dáhùn? Ṣùgbọ́n omi ìdájí Inísà wá sí i lọ́kàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé korobá kọjá láìfọhùn, ẹ̀kọ́ tí òun ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá pèsè ìkíni kan sẹ́nu, irú èyí tí ẹni tó bá gbọ́ ọ kò lè ṣe kó má dáhùn. Ó jẹ atare, ó sì fi ohun kan há abẹ́ ahọ́n. Baba rẹ̀ ti sọ fún un pé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohùn àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu ẹni lówùúrọ̀. Ó bi baba rẹ̀ nígbà náà pé bí ènìyàn bá ṣèèṣì ná an sórí ẹlòmíràn ńkọ́? Baba rẹ̀ ní kó má dán an wò, pé ohùn ẹni náà á bá ìkíni náà lọ.

Yàrá àwọn olùkọ́ ní Ìkìrun ló sùn sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dúró lábẹ́ igi kaṣú tó wà ní ìsọdá ọ̀nà, láàárín ọgbà ewé àti ilé Jọláyẹmí. Òwúsúwusù ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀. Òkè ìlú kò sí lójú mọ́. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọgbà dún. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tí ń bọ̀. Ó fi ahọ́n tẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá elégbògi mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti wá, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú ohùn, bó ṣe máa ń wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bàbá kan kì í rò ó kó tó dá ọmọ rẹ̀ lóhùn láàárọ̀.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Oyèwálé wí. "Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ara ti fúyẹ́?"

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà tó ti jáde tán. Ó yíjú padà. Ọ̀nà ṣófo. Ewé kaṣú gbígbẹ kan ń yí lọ nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn kò fẹ́.

Nígbà tó tún kọjú síwájú, Mofolúwakẹ́ ti wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dì pa, omi aláwọ̀ ewé ń jò láàárín ìka rẹ̀. Oyèwálé la ẹnu kó kí i. Nǹkan kan kò jáde. Ó tún un là, ó fi gbogbo àyà tì í. Ó dà bí ẹni tó fa okùn kànga, tó sì rí i pé okùn nìkan ló wà lọ́wọ́ òun.

Ọmọbìnrin náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì sínú erùpẹ̀, ó tẹrí ba, ètè rẹ̀ pa pọ̀ débi pé ó funfun. Ó kí i tán pátápátá, láìfọhùn. Ó dìde. Bó ṣe ń kọjá, ó wo ẹnu Oyèwálé tó ṣì là sílẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀tá ṣe ń wo ọ̀tá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa wo aláìsàn ló ṣe wò ó.

* * *

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, Jọláyẹmí tún dúró níwájú ìjọ, ó ka ẹ̀kọ́ kejì. Ohùn náà há, ó sì ń wárìrì, ṣùgbọ́n ó kà á dé òpin. Ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, rinrin ìdí ògiri gbẹ di okùn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó gbẹ.

Oyèwálé ṣì ń wá. Ọwọ́ ló fi ń kọ́ni báyìí. Á gbé ewé sókè, á sì nawọ́ sí ibi tí ó ń ṣiṣẹ́ lára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí i, ó ń mi orí. Jọláyẹmí ló máa ń jókòó tì í, tí ń bá a ṣe àlàyé fún wọn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló gba àìsàn òun rù, pé kò sí ìfẹ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ tí oúnjẹ kọ́kọ́ kọ̀ láti gba ọ̀fun Oyèwálé kọjá, Jọláyẹmí fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá láti Òkukù. Wọ́n mú un jókòó sí yàrá ìtọ́jú. Alàgbà wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí Mofolúwakẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà nínú ẹ̀wù funfun fa àga súnmọ́ ọn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú má baà tì í.

"Bàbá," ló wí, "kí ni ẹ ti mu kí ẹ tó wá?"

Oyèwálé yí ojú sí ògiri. Ògiri náà funfun. Ó padà wo ọmọbìnrin náà, ó sì rí i pé ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó fi èjìká ti férémù ilẹ̀kùn, tí kò kánjú rárá.

Ó la ẹnu kó lè dáhùn. Olúwanífẹ́mi rọra wọlé, ó sì tẹ́ etí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbọ́.